Kòkòrò Tí Ń Ṣọ́ Ọgbà: Ìtàn Ọsàn, Àjàrà àti Máńgòrò

Gbogbo wa la mọ òwe àwọn àgbà tó ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọ̀rọ̀ ọ̀tá ilé la sábà máa ń fi òwe yìí sọ. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e padà sínú oko tí wọ́n ti mú un wá, a ó rí i pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Kòkòrò tó ń jẹ kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ náà ńkọ́, níbo ló ń gbé? Ìdí ẹ̀fọ́ kan náà ni, tàbí inú igbó tó wà lẹ́bàá rẹ̀. Ìtàn ẹni kejì yìí ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kàn wá ńbẹ̀, àwa tí a wà ní ìdálẹ̀. Ó kàn wá púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi owó ránṣẹ́ sílé kí wọ́n bá wa gbin ọgbà ọsàn, máńgòrò tàbí kajú, pé bí a bá darúgbó, a ó ríbi jókòó sí, a ó sì rí nǹkan jẹ. Ohun àkọ́kọ́ tí a sì máa ń sọ fún ẹni tó ń bá wa mójú tó o ni pé kó ro gbogbo etí ọgbà náà mọ́ féfé, kó sì ra oògùn apakòkòrò sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ti dá sílẹ̀ níbòmíràn.

Àwọn ará Ṣáínà ni àkọsílẹ̀ wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ gan-an. Nínú ìwé kan nípa àwọn ewéko ìhà gúúsù, èyí tí wọ́n kà sí iṣẹ́ Ji Han ní ọdún 304, a rí i kà pé àwọn ènìyàn ń ta èèrà lọ́jà. Èèrà pupa tí í rán ewé pọ̀ ṣe ilé lórí igi ni. Tilé-tilé ni wọ́n ń tà á, nínú àpò tí wọ́n fi koríko hun, ẹni tó bá ní ọgbà ọsàn yóò rà á lọ so mọ́ igi rẹ̀. Ìwé náà ní bí kò bá sí èèrà yìí, kòkòrò yóò ba gbogbo èso jẹ́. Nígbà tó yá, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ tún ń fi ọparun ṣe afárá láti orí igi kan sí òmíràn, kí èèrà lè máa lọ kí ó máa bọ̀. Ẹ má gbàgbé èèrà yìí o, nítorí a ó tún pàdé ìbátan rẹ̀ nítòsí ilé.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí ẹ̀rí rẹ̀ kún jù, tí ọjọ́ àti oṣù rẹ̀ sì wà lákọsílẹ̀, ni ti ọsàn Kalifọ́níà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní nǹkan bí ọdún 1868, kòkòrò kan bá igi acacia tí wọ́n gbé wá láti ilẹ̀ Ọsirélíà wọ Menlo Park, nítòsí San Francisco. Kòkòrò náà kéré, kò sì lè fò. Ara igi ló máa ń lẹ̀ mọ́, tí yóò ki ẹnu bọ ẹ̀ka, tí yóò máa fa omi rẹ̀ mu. A máa gbé àpò funfun kan sẹ́yìn tó rí bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyin ló sì wà nínú àpò ọ̀kan ṣoṣo. Omi dídùn tó ń jáde lára rẹ̀ a máa kán sórí ewé títí ewé yóò fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Nígbà tí ọdún 1880 fi kọjá díẹ̀, ó ti dé ìhà Los Angeles àti àfonífojì San Gabriel, níbi tí ọgbà ọsàn pọ̀ sí. Àwọn igi funfun lau bí ẹni pé yìnyín bọ́ lé wọn. Àwọn àgbẹ̀ fi ọṣẹ àti epo fín in, kò gbọ́. Wọ́n fi àgọ́ bo igi mọ́lẹ̀, wọ́n tú èéfín sáyánáìdì sí i lábẹ́, èyí mú un díẹ̀ ṣùgbọ́n ó wọ́nwó, ó sì léwu. Àwọn mìíràn hú igi tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́, wọ́n dáná sun ún.

Charles Valentine Riley, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, ni ó jẹ́ olórí àwọn onímọ̀ kòkòrò fún ìjọba Amẹ́ríkà nígbà náà. Ìbéèrè tó béèrè rọrùn: èéṣe tí kòkòrò yìí kò fi yọ àwọn ará Ọsirélíà lẹ́nu bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá? Ó ní àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ pé nígbà tó ń bọ̀, ó fi ọ̀tá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Àwa tí a ń gbé ìlú òkèèrè kò ní ṣàì lóye èyí: ọmọ tó dé ibi tí kò ti sí àgbà tí yóò bá a wí, ohun tó wù ú ni yóò máa ṣe.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ti fòfin dè é pé òṣìṣẹ́ ẹ̀ka Riley kò gbọdọ̀ fi owó ìjọba rin ìrìnàjò lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ọgbọ́n ni wọ́n ta sí i. Ìpàtẹ ọjà àgbáyé kan wà ní Melbourne ní ọdún 1888, tí Amẹ́ríkà ń rán aṣojú lọ. Wọ́n fi ẹnìkan kún àwọn aṣojú náà, wọ́n sì ya 2,000 dọ́là sọ́tọ̀ fún un. Albert Koebele ni orúkọ ẹni náà, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó ti di ará Amẹ́ríkà. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní San Francisco ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ, ọdún 1888.

Eṣinṣin kékeré kan ni wọ́n rán an lọ wá. Frazer Crawford, ará Adelaide, ló ti kọ́kọ́ rí eṣinṣin náà, tí ọmọ rẹ̀ ń dàgbà nínú ara kòkòrò funfun yìí. Koebele rí eṣinṣin, ó sì fi púpọ̀ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, nínú ọgbà kan ní Adelaide, ojú rẹ̀ bọ́ sára nǹkan mìíràn tí kò wá: kòkòrò pupa kan tó ní àmì dúdú lára, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí rìbìtì bí ìlàjì ẹ̀wà, ó ń jẹ kòkòrò funfun náà bí ẹni tó ń jẹ gúgúrú. Vedalia ni wọ́n sọ ọ́. Ẹbí kan náà ni pẹ̀lú èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní ladybird ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Inú yàrá yìnyín ọkọ̀ ni wọ́n gbé wọn sí kọjá òkun. Méjìdínlọ́gbọ̀n ló kọ́kọ́ dé láàyè ní ìparí oṣù kọkànlá. Mẹ́rìnlélógójì tẹ̀lé e ní ìparí oṣù kejìlá, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta sì dé ní oṣù kìíní ọdún 1889. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 129. Ẹ fojú inú wò ó: ohun tí a lè dà sínú ife tíì kan ni wọ́n fẹ́ fi gba ọgbà ọsàn odidi ìpínlẹ̀ kan là. D. W. Coquillett tó gbà wọ́n ní Los Angeles tú wọn sórí igi ọsàn kan nínú ọgbà Wolfskill, ó sì fi àgọ́ bò ó. Nígbà tó di oṣù kẹrin, kò sí ohun jíjẹ mọ́ lórí igi náà. Wọ́n ká ẹ̀gbẹ́ kan àgọ́ náà sókè, àwọn vedalia sì jáde lọ sórí àwọn igi tó kù. Títí di ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, wọ́n ti pín 10,555 fún àgbẹ̀ 208. Kí ọdún náà tó parí, kòkòrò funfun ti di ohun tí a ń wá kí a tó rí. Ẹrù ọsàn tó ń jáde ní àgbègbè Los Angeles fò láti wágùnù rélùwéè 700 sí 2,000 láàárín ọdún kan.

Àwọn àgbẹ̀ kò ya abaraámóorejẹ. Wọ́n fún Koebele ní aago wúrà, wọ́n sì fún ìyàwó rẹ̀ ní yẹtí dáyámọ́ńdì. Eṣinṣin tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rán an níṣẹ́ náà kò ṣòfò. Òun náà fìdí múlẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ ní ẹ̀bá òkun títí di òní. Àwa rò pé kò gba ìyìn tó yẹ ẹ́.

Àṣeyọrí náà kó sí àwọn kan lórí. Wọ́n rò pé gbogbo kòkòrò tó wà láyé ni vedalia tirẹ̀ ń dúró dè ní Ọsirélíà, kí a sáà ti rán ènìyàn lọ. Koebele tún padà lọ ní ọdún 1891, ó kó oríṣiríṣi wá, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló kú dànù láì ṣe nǹkan kan.

Ibi tí ìtàn náà ti dun ni jù ni èyí tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, oògùn kan dé tí wọ́n ń pè ní DDT. Paul Müller, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, tó rí agbára oògùn náà lórí kòkòrò, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 1948. Gbogbo ènìyàn ló ń yìn ín, nítorí ó dènà ibà tí ẹ̀fọn ń fà ní ibi púpọ̀. Àwọn àgbẹ̀ ọlọ́sàn Kalifọ́níà náà fín in sí ọgbà wọn ní ọdún 1946 àti 1947 nítorí àwọn kòkòrò mìíràn tí kò tó nǹkan. DDT pa vedalia. Kòkòrò funfun tí ó fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀ láti bí ọdún 58 jáde wá, igi sì tún funfun lau. Àwọn tí bàbá wọn rí ọdún 1889, tàbí tí àwọn fúnra wọn tilẹ̀ jẹ́ ọmọdé nígbà náà, ni wọ́n tún ń wá vedalia kiri láti rà. Ó di dandan kí wọ́n dá fífín oògùn náà dúró, tàbí kí wọ́n dín in kù, kí wọ́n sì tún tú vedalia sínú ọgbà lọ́tun kí ara tó rọ̀ wọ́n. Rachel Carson sọ ìtàn yìí nínú ìwé rẹ̀ *Silent Spring* ní ọdún 1962. Ọdún 1972 ni Amẹ́ríkà fòfin de DDT nínú oko.

Ẹ má jẹ́ kí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn baba tiwa náà fi Gàmàlín fín kòkó, òjò wẹ̀ ẹ́ wọ odò, ẹja kú. Àwọn kan tilẹ̀ mọ̀-ọ́n-mọ̀ dà á sódò láti fi pẹja, wọ́n sì gbé ẹja náà lọ sọ́jà.

Láti inú ọgbà ọsàn ẹ jẹ́ kí a bọ́ sínú ọgbà àjàrà, ní Kalifọ́níà kan náà, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ohun tí ìtàn vedalia kò kọ́ ẹnikẹ́ni. Vedalia jẹ́ àlejò tí a lọ mú wá. Ti àjàrà, onílé ni, ó sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbin àjàrà. Kòkòrò wẹ́wẹ́ kan wà tí ń fò láti ewé dé ewé, tí í fa omi ewé àjàrà mu títí yóò fi gbẹ. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, Richard Doutt àti John Nakata, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Kalifọ́níà, ṣàkíyèsí pé àwọn ọgbà kan kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro yìí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé wọ́n ń fín oògùn ju àwọn yòókù lọ. Kí ló wà nítòsí wọn? Odò ni, àti blackberry igbó tó hù ní etí odò.

Àlàyé rẹ̀ rèé. Agbọ́n kan wà tí kò gùn tó ìlà kan lórí rúlà ọmọ ilé-ìwé, tí ọmọ rẹ̀ ń dàgbà nínú ẹyin kòkòrò àjàrà náà. Nígbà òtútù, ewé àjàrà á wọ́ dànù, kòkòrò àjàrà á fara pamọ́, kò sì ní yé ẹyin rárá títí ìgbà òtútù yóò fi kọjá. Kí ni agbọ́n yóò wá ṣe? Blackberry kì í wọ́wé tán nígbà òtútù, kòkòrò mìíràn tó jẹ́ tirẹ̀ a sì máa yé ẹyin sára ewé náà. Ibẹ̀ ni agbọ́n ti ń lo ìgbà òtútù. Bí àjàrà bá ti rúwé, yóò kọjá padà sínú ọgbà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, igbó ẹlẹ́gùn-ún lásán ni àwọn alájàrà ka blackberry yìí sí, wọ́n sì ti fi katakata hú u kúrò ní ọ̀pọ̀ ibi kí ilẹ̀ lè mọ́.

Wọ́n gbìyànjú láti gbin blackberry padà sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, kò yọrí sí rere tó bí wọ́n ti rò. Lẹ́yìn ọdún 1980 ni wọ́n rí i pé igi prune, tí èso rẹ̀ ń di èyí tí a ń sá gbẹ tí a ń jẹ, náà ní kòkòrò tirẹ̀ tí ẹyin rẹ̀ ń kọjá ìgbà òtútù lára ẹ̀ka. Wọ́n wá ń gbin ìlà igi prune sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kí atẹ́gùn lè gbé agbọ́n wọ inú àjàrà. Ní Hopland, ní àgbègbè Mendocino, àwọn olùwádìí tún ṣe àyẹ̀wò ọgbà àjàrà kan ní ọdún 1996 àti 1997, níbi tí wọ́n ti la ọ̀nà kan já inú ọgbà láti ibi igbó etí odò, tí gígùn rẹ̀ tó 600 mítà, tí wọ́n sì gbin oríṣi òdòdó 65 sí i. Àjàrà tó sún mọ́ ọ̀nà òdòdó náà kò ní kòkòrò tó ti ọ̀ọ́kán. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ náà kò rìn jìnnà. Bí a bá ti rìn kúrò níbẹ̀ tó bí 30 mítà, agbára rẹ̀ ti ń dín kù. Ẹni tó bá fẹ́ kí igbó bá òun ṣọ́ ọgbà kò lè fi í sí igun kan ṣoṣo.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé kòkòrò tó bá ti ń jẹ kòkòrò ti di ọ̀rẹ́ wa nìyẹn. Àwọn tó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú wa ti rí ladybird kan tí í ṣù jọ sí igun fèrèsé nígbà òtútù. Ilẹ̀ Éṣíà ló ti wá. Wọ́n mú un wọ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù láti jẹ kòkòrò orí ewé, ó sá kúrò níbi tí wọ́n fi í sí, wọ́n sì kọ́kọ́ rí i ní Essex ní ọdún 2004. Ó ń jẹ àwọn ladybird onílé. Nínú ọgbà àjàrà, a máa wọ inú ṣírí èso nígbà ìkórè, bí wọ́n bá sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ àjàrà, wáìnì náà kò ní ṣeé mu. Ọ̀pọ̀ wáìnì bàjẹ́ báyìí ní Ontario, ní Kánádà, ní ọdún 2001. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí vedalia hàn kedere. Vedalia kì í jẹ ju kòkòrò funfun yẹn àti àwọn tó bá a tan lọ, bí oúnjẹ rẹ̀ bá tán, òun náà á dín kù. Èyí kò mọ ohun tí à ń pè ní èèwọ̀.

Nílé wa ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, kòkòrò funfun mìíràn tó wá láti Éṣíà dé Gánà àti Tógò, ó gba Benin, ó sì wọ Nàìjíríà. Máńgòrò ló fẹ́ràn jù. Ewé máńgòrò dúdú, igi kò so, ibòji tí àwọn àgbà ń jókòó sí láti fi ta ayò di ibi tí omi lílẹ̀ ń kán sí wọn lórí. Àwọn kan gé igi wọn. Nígbà náà, ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn ti ní ìrírí ọ̀rọ̀ báyìí, nítorí ní ọdún 1981 ni wọ́n tú agbọ́n kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tó gba ẹ̀gẹ́ là lọ́wọ́ kòkòrò tirẹ̀. Fún máńgòrò, Íńdíà ni wọ́n ti rí agbọ́n. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní Tógò ní ọdún 1987, ó di Benin ní 1988, igi sì bẹ̀rẹ̀ sí so padà. Aimé Bokonon-Ganta, ọmọ Benin, wà lára àwọn tó wádìí èrè rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ (bokonon ni àwọn Fọn ń pe babaláwo, orúkọ náà bá iṣẹ́ mu). Ìṣirò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002 ní nǹkan bí 50 mílíọ̀nù dọ́là ni èrè rẹ̀ fún Benin nìkan lọ́dọọdún.

Kò pẹ́ tí ọ̀tá mìíràn tún dé. Eṣinṣin kan láti Éṣíà, tí í yé ẹyin sínú máńgòrò tó ń pọ́n tí ìdin fi ń kún inú rẹ̀, ni wọ́n rí ní Kẹ́ńyà ní 2003 àti ní Benin ní 2004. Fún èyí, àwọn olùwádìí kò ní láti lọ sí òkèèrè kí wọ́n tó rí ẹni tí yóò kojú rẹ̀. Nínú àwọn ọgbà máńgòrò ní Borgou, ní àríwá Benin, wọ́n rí i pé igi tí èèrà pupa pọ̀ sí kì í ní ìdin nínú èso bíi ti àwọn yòókù. Èèrà tí í rán ewé pọ̀ ṣe ilé ni, ìbátan èyí tí àwọn ará Ṣáínà ń tà lọ́jà. Kì í ṣe pé ó ń mú eṣinṣin jẹ nìkan. Èso tí èèrà bá ti rìn lé lórí, eṣinṣin kì í fẹ́ bà lé e.

Ẹni tó bá ti gun igi kòkó tàbí ọsàn rí nílé mọ èèrà náà dáadáa. Ó ń já ni jẹ burúkú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ká èso fi máa ń dáná sun ilé rẹ̀ tàbí kí wọ́n fín in lóògùn. Àwọn tó fẹ́ kó wà lórí igi wọn máa ń fi eérú pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kí wọ́n tó gùn ún.